Àbúrò Mi, Ta Lò Ń Wò?

Àbúrò mi, jókòó tì mí díẹ̀. Fóònù rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí, n kò sì wá bá ọ jà. Mo mọ̀ pé òun lò ń wò kẹ́yìn kí o tó sùn, òun náà lò ń wò kí o tó bọ́jú láàárọ̀. Èmi náà ń wò. Ìdáná, ẹ̀fẹ̀, fíìmù, ìrìn àjò, ọ̀rọ̀ àtíkè, gbogbo rẹ̀ ló ń bá mi lálejò. Ẹni tó bá ní ká má wo fídíò mọ́ kò fẹ́ ká sinmi. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé: ta lò ń wò, kí ni onítọ̀hún ń wá, kí ló sì máa ń kù sí ọ lọ́wọ́ tí o bá pa fóònù?

Ìbéèrè kẹta yẹn ni mo fi ń yẹ gbogbo wọn wò. Bí fídíò kan bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín títí tí wàhálà ọ̀gá ibi iṣẹ́ fi kúrò lọ́kàn rẹ, ó ti ṣe tirẹ̀. Bí òmíràn bá kọ́ ọ ní ọbẹ̀ tí o sì sè é lọ́jọ́ Sátidé, ó ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí o wò tán tí yàrá rẹ, awọ rẹ àti owó oṣù rẹ wá di ohun ìtìjú lójú rẹ, ó ti mú nǹkan lọ lára rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò san kọ́bọ̀.

Nǹkan kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Fídíò àkọ́kọ́ tó gun orí YouTube, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 19 lọ. Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá YouTube sílẹ̀, ló dúró níwájú àwọn erin nínú ọgbà ẹranko San Diego ní Amẹ́ríkà, ó sọ̀rọ̀ nípa bí ọwọ́jà wọn ṣe gùn tó, ó sì parí. Kò sí àṣehàn kankan níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti di ohun tí ẹnìkan ń fi ẹ̀fẹ̀ kọ́lé, tí ẹlòmíràn ń fi ìwádìí fóònù jẹun, tí dókítà ń fi í kọ́ ará ìlú. Nítorí náà, jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tí a fi ń wo aláwàdà kọ́ ló yẹ ká fi wo ẹni tó ń ta ìpara.

Àwọn tó ń pa wá lẹ́rìn-ín

Àwọn aláwàdà ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ bá pàdé. Mark Angel Comedy láti Port Harcourt, níbi tí ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Emmanuella ti fi ẹnu mímú rẹ̀ gbajúmọ̀, ni ìkànnì ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó ní mílíọ̀nù kan olùtẹ̀lé lórí YouTube, ní ọdún 2017. Lẹ́yìn wọn ni ilé kún. Taaooma, Maryam Apaokagi lorúkọ rẹ̀, á ṣe ìyá, á tún ṣe ọmọ nínú eré kan náà. Ìyá tó máa ń ṣe yẹn, ìgbájú kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀, wàá sì fẹ́ búra pé ilé yín ló ti wá wo eré náà kó tó ṣe é. Mr Macaroni, ìyẹn Adébọ̀wálé Adédayọ̀, ni bàbá olówó tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọge. Layi Wasabi ni lọ́yà tí kò rówó jẹun, tó ń wá oníbàárà kiri. Woli Agba ni wòlíì Ìbàdàn tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń jẹ́ Délé kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Má fojú ọ̀lẹ wò wọ́n. Macaroni kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní Redeemer's University, Wasabi sì ka ìmọ̀ òfin ní Bowen University ní Ìwó. Bí eré ìṣẹ́jú méjì bá dùn dé inú eegun, ẹnìkan ti jókòó kọ ọ́, ó sì ti tún un kọ.

Ìmọ̀ràn mi lórí ẹ̀fẹ̀ kò pọ̀: máa wo ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ olówó, ọ̀gá, wòlíì, tàbí àwa tí à ń wò ó gan-an, rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò pé, tàbí obìnrin tí wọ́n gbá létí ni ẹ̀rín dá lé lórí nígbà gbogbo, yọ ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó máa ń dẹ́rù ba ẹni ẹlẹ́ni lójú pópó, tí wọ́n á wá ní eré ni. Ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà kò mọ̀ pé òun wà nínú eré. Má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, nítorí iye èèyàn tó bá wò ó ni wọ́n fi ń gbowó.

Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́

Níbí ni mo ti rí èrè jù. Sisi Yemmie, Yẹmísí Ọdúsànyà ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ti pẹ́ lẹ́nu sísè oúnjẹ ilé wa lójú ayé, ó sì máa ń pa ọ̀rọ̀ ìdáná pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ títọ́. Bí o bá fẹ́ ra fóònù, Fisayo Fosudo wà ní Èkó tó ń tú u wò fínnífínní, tó sì ń sọ ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n, àwọn wọ̀nyí sì ń fi tiwọn tọrẹ.

Àmọ́ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, mo máa ń wò ó tán pátápátá kí n tó gbé ìkòkò kaná, nítorí ó lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn ni wọ́n máa tó sọ pé ó yẹ kí o ti rẹ ẹ̀wà sómi láti àná. Wo abẹ́ fídíò náà, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ gbogbo èròjà sí. Kọ́kọ́ sè é ní ìwọ̀nba, kọ́ńgò kan kò lè jẹ́ ibi ìdánwò lásìkò tí ìrẹsì wọ́n báyìí. Má sì ra ẹ̀rọ ìdáná tuntun nítorí o rí i lórí tábìlì ẹlòmíràn. Bi ara rẹ bóyá ìkòkò tó wà nílé kò lè ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè ṣe é.

Tó bá jẹ́ fóònù tàbí ẹ̀rọ, wo ẹni méjì tí kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, kí o sì wá èyí tó ti lo ẹ̀rọ náà fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó tú páálí lónìí kò tíì mọ bí bátìrì á ṣe rí nígbà tí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wo fíìmù lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín

O rántí ìgbà tí fíìmù Yorùbá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, tó tún di CD, tí a ń rà á ní Ìdúmọ̀tà àti Aláàbà. Àwọn jàgùdà aṣàdàkọ ló pa ọjà yẹn. Lónìí, ọ̀pọ̀ òṣèré ló ní ìkànnì tirẹ̀ lórí YouTube, tí fíìmù odidi ń jáde síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù Omoni Oboli tó ń jẹ́ *Love in Every Word*, tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2025, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n wò ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20. Ṣé o rí i pé ọjà ti ṣí lọ sí ibòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o máa ṣe kò gba wàhálà. Kí o tó tẹ fíìmù, wo orúkọ ìkànnì tó gbé e jáde. Bó bá jẹ́ ti òṣèré tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, owó ìpolówó tí o bá fara dà láàárín fíìmù á dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló jí i, tó gé e sí wẹ́wẹ́, tó wá fi ohùn ẹ̀rọ lé e lórí, olè lò ń fún lówó. Òṣèré tó ti ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì yẹ kó rí nǹkan mú lọ sílé.

Ìlera àti awọ ara: bi í níbi tó ti kọ́ ọ

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà: Aproko Doctor, ìyẹn Chinonso Egemba, dókítà ni ní tòótọ́, ó máa ń fi ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó rọrùn kọ́ni nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, omi mímu àti ayẹ̀wò ara. Òun fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ní orí ní ọdún 2022 nígbà tí wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu ìkọ́ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, o mọ orúkọ rẹ̀, o mọ ohun tó kọ́, o sì mọ ibi tí o ti lè yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ní awọ dídán, tó po ìpara nínú abọ́ níwájú kámẹ́rà, tó ní kí o fi pa ojú, àbúrò mi, sá! Iná tó tàn sí i lójú pẹ̀lú ohun tí fóònù fi ń tún awọ ṣe, wọ́n lè mú kí ẹnikẹ́ni dán. Kí o tó ra ohunkóhun tí wàá fi pa ara tàbí tí wàá mu, bi wọ́n ní nọ́ńbà NAFDAC, kí o sì mú un lọ bá apoògùn òyìnbó ní àdúgbò rẹ kó bá ọ wò ó. Tíì tó ń mú ikùn wálẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń fà, kì í ṣe ọ̀rá ló ń yọ. Bí ọmọ kan bá sì ń ṣàìsàn nínú ilé, fídíò kì í ṣe ilé ìwòsàn. Gbé e lọ ná, kí o wá máa wò ó lẹ́yìn náà bó bá wù ọ́.

Àwọn tó ń fi ayé wọn hàn wá

Ibí yìí ni kí o ti fetí sí mi dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí a kò mọ ibi tó ti wá. Mo ń sọ nípa àwọn tó ń ya bí wọ́n ṣe jí, bí wọ́n ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe to fìríìjì, bí wọ́n ṣe lọ sọ́jà tí wọ́n sì padà dé. Ó dùn ún wò. Ó máa ń fún èèyàn lókun láti tún ilé ṣe. Dimma Umeh wà lára àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ àtíkè, ó wá gbòòrò dé orí ìgbé ayé.

Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀dì tí o rí yẹn, iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ìgbà tí ìwọ ń sáré wọ mọ́tò ní agogo márùn-ún ìdájí, wọ́n ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ á ti bọ́ sí ife tíì. Àwọn kan nínú ohun tó wà nílé wọn, ilé iṣẹ́ ló fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi hàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìjà àárín tọkọtaya, gbèsè, ọmọ tó ń sunkún, ìyẹn kì í wọ inú fídíò, kò sì yẹ kó wọ ibẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá kọ́ ni kí o fi wọn ara rẹ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé oníyàrá kan.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: bí o bá ti wo irú rẹ̀, ṣe ohun kan tí o lè ṣe lójú ẹsẹ̀. Ká aṣọ tó wà lórí àga, nu kọ́bọ́ọ̀dù kan, bomi sí òdòdó. Bí o kò bá rí nǹkan kan tí o lè ṣe, tó jẹ́ pé ìmí ẹ̀dùn nìkan ló kù, má wo ẹni yẹn mọ́ fún oṣù kan. Kì í ṣe ìlara, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sọ ọ́ lórúkọ. Ojú rẹ nìkan ló fẹ́ sinmi.

Ọ̀rọ̀ jápa sì tún wà níbẹ̀. Tayo Aina àti àwọn bíi tirẹ̀ ti gbé wa rìn kiri ayé láìgba físà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá ń wo fídíò láti mú ìpinnu lórí bí o ṣe fẹ́ kó lọ, ohun àkọ́kọ́ tí wàá wò ni ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Òfin ń yí padà, fídíò kì í yí. Ẹnìkan lè máa sọ fún ọ nínú fídíò ọdún 2022 bó ṣe kó ọkọ àti ọmọ dání lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni nígbà náà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láti òkèèrè kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi irú àwọn tó wà fún ẹ̀kọ́ ìwádìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún kan náà, irú òfin bẹ́ẹ̀ wá kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn àti arúgbó. Ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí fídíò àtijọ́ yóò kàn dé iwájú ilẹ̀kùn tó ti tì ni.

Nítorí náà, lọ ka òfin náà ní ojú òpó ìjọba orílẹ̀-èdè tó kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá wo ẹni tó ń yọ̀ pé òun dé London, wá ẹnìkan tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru àti owó ilé, kí o sì wá ẹni tó padà wálé pẹ̀lú. Nígbà tí o bá gbọ́ tẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o lè wá jókòó ṣírò.

Owó tó wà nídìí ẹ̀

Ó yẹ kí o mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, kí o lè mọ ìgbà tí wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń ta ọjà fún ọ. Lórí YouTube, nínú owó ìpolówó tó bá wọlé lórí fídíò gígùn, ìdá 55 nínú 100 ni ẹni tó ni fídíò ń gbà. Lórí fídíò kékeré tí wọ́n ń pè ní Shorts, ìdá 45 ni. Owó tí ìpolówó ń mú wá láti Nàìjíríà kò tó ti Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe fídíò tó máa wu àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun, ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ ìpolówó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tààrà.

Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Aláwàdà tó dárúkọ báńkì kan láàárín eré rẹ̀ ń wá oúnjẹ òòjọ́. Òfin ìpolówó ti ọdún 2022 tilẹ̀ fún àjọ ARCON láṣẹ láti yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, tórí ayélujára náà kò sì gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìwọ máa ṣọ́ra. Tí wọ́n bá fún ọ ní kóòdù tó ní orúkọ wọn nínú pé kí o fi gba ẹ̀dínwó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ìpín nínú ohun tí o bá rà. Dúró títí di ọ̀la. Tó bá ṣì wù ọ́ tí oorun ti kúrò lójú rẹ, kí o wá lọ wo iye tí wọ́n ń tà á níbòmíràn.

Èyí tó burú ni ti àwọn tó ń fi orúkọ olókìkí lu jìbìtì. O mọ MrBeast, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jimmy Donaldson, tó jókòó lọ́dún 2017 tó ka nọ́ńbà láti oókan títí dé 100,000 níwájú kámẹ́rà, tó sì wá di ẹni tí ìkànnì rẹ̀ ní olùtẹ̀lé jù lórí YouTube ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Nítorí pé ó máa ń pín owó lóòótọ́, àwọn gbájúẹ̀ ti fi ẹ̀rọ ṣe ojú àti ohùn rẹ̀ jáde rí, ní 2023, tí wọ́n ní ó ń ta iPhone fún owó táṣẹ́rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde kìlọ̀ pé kì í ṣe òun. Òfin kan ṣoṣo ni kí o dì mú: ẹ̀bùn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún. Ẹni tó bá ní kí o kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, tàbí kí o fi nọ́ńbà káàdì ATM ránṣẹ́, olè ni, ì báà jọ ẹ̀gbọ́n rẹ.

Àwọn ọmọ

Ọmọ kékeré kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti ìpolówó. Ìkànnì Ryan's World ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 pẹ̀lú ọmọkùnrin kékeré kan tó ń tú ohun ìṣeré wò, fi hàn pé ọmọdé fẹ́ràn láti wo ọmọdé bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kù kí tìrẹ máa sunkún fún ohun ìṣeré yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. YouTube Kids wà fún wọn, ó sàn ju kí o gbé fóònù tìrẹ lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Pálọ̀ ni kí wọ́n ti máa wò ó, kì í ṣe abẹ́ aṣọ ìbora.

Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Houston pàápàá, ẹ lè lò ó fún èdè. Ẹ jọ wo ẹ̀fẹ̀ Taaooma pẹ̀lú ọmọ, kí ẹ dá a dúró láàárín, kí ẹ ní kó sọ ohun tí ìyá yẹn wí. Ẹ wo ìròyìn kúkúrú láti ọ̀dọ̀ BBC News Yorùbá, tó ti wà láti oṣù Kejì ọdún 2018. Bí ọmọ bá lè tún ìtàn náà sọ fún ìyá àgbà lórí WhatsApp, fídíò náà ti sanwó ara rẹ̀.

Dátà rẹ àti àkókò rẹ

Láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí àfikún owó ìpè àti dátà tó tó ìdá 50 nínú 100 ní oṣù Kìíní ọdún 2025, kò yẹ kí a máa wo ohun tí kò wù wá. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí àwòrán ṣe mọ́ tó, fi í sí 360 tàbí 480. Lójú fóònù kékeré, ẹ̀fẹ̀ náà á ṣì dùn. Pa èyí tó ń mú kí fídíò míì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá ní Wi-Fi níbi iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀, gba fíìmù sílẹ̀ níbẹ̀ kí o wá wò ó nílé.

Fóònù yìí mọ̀ ọ́ bí ìyá aláta tó ti ń wọn ata sílẹ̀ kí oníbàárà rẹ̀ tó yanu: ohun tí o bá pẹ́ níwájú rẹ̀ lánàá ni yóò tún gbé wá lónìí. Nítorí náà, bí ó bá gbé ìjà àwọn òṣèré wá tí o kò fẹ́, má kàn fò ó. Tẹ àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o yan “Not interested”. Bí ó bá ti bàjẹ́ jù, pa ìtàn ohun tí o ti wò rẹ́, kí o wá fi ọwọ́ ara rẹ wá ohun tí o fẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wàá rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà.

Bó bá ń wu ìwọ náà

Mo mọ̀ pé ó ń wù ọ́. Ó hàn ní ojú rẹ nígbà tí o ń ya mọ́ínmọ́ín ọjọ́ yẹn. Bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mọ ohun tí o ń wọ̀. Kí YouTube tó máa pín owó ìpolówó fún ọ, o nílò olùtẹ̀lé 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wo fídíò rẹ láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo Shorts rẹ ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ lọ́la.

Kì í ṣe kámẹ́rà ńlá ló ń ṣe é. Khaby Lame, tí wọ́n bí ní Senegal tó dàgbà sí Ítálì, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2020. Ó gbé fóònù, ó ń wo àwọn tó ń fi wàhálà ṣe ohun tó rọrùn, ó ń ṣe é bó ṣe yẹ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, òun ni olùtẹ̀lé rẹ̀ pọ̀ jù ní gbogbo TikTok. Kò sọ èdè ẹnikẹ́ni, gbogbo ayé sì gbọ́. Ìwọ náà, mú ohun tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀, ì báà ṣe irun dídì, ì báà ṣe ẹ̀fọ́ rírò, kí o jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, kí o sì jẹ́ kí ohùn rẹ dún ketekete.

Lẹ́yìn náà, dáàbò bo ara rẹ. Má ya yúnífọ́ọ̀mù ọmọ, má ya géètì ilé, má gbé fídíò ibi tí o wà jáde títí wàá fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí àwọn aláìníṣẹ́ bá kọ sí abẹ́ rẹ̀, pa á rẹ́, má dá wọn lóhùn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní òun fẹ́ máa bójú tó ìkànnì rẹ, jẹ́ kí lọ́yà gidi ka ìwé náà kí o tó fọwọ́ sí i. Li Ziqi, obìnrin ará Sichuan ní Ṣáínà tí gbogbo ayé fẹ́ràn nítorí bó ṣe ń ṣe oúnjẹ àti aṣọ láti inú oko, dákẹ́ ní ọdún 2021 nítorí ìjà òun àti ilé iṣẹ́ tó ń bá a ṣe é. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni a tó tún rí i. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí iṣẹ́ náà, síbẹ̀ kò lè gbé e jáde. Nítorí náà, ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ ni kí ọ̀rọ̀ ìwọlé ìkànnì rẹ wà, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀rẹ́kùnrin, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń bá ọ ṣe àtúntò fídíò.

Ní alẹ́ òní, kí o tó wo ohunkóhun, ṣí ibi tí orúkọ gbogbo àwọn tí ò ń tẹ̀lé wà. Lọ bá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o bi ara rẹ pé kí ni mo ti ṣe, kí ni mo ti mọ̀, tàbí ẹ̀rín wo ni mo ti rín nítorí ẹni yìí? Ẹni tí o bá rí ìdáhùn fún, fi í sílẹ̀. Ẹni tí o kò rí ìdáhùn fún, yọ ọ́, kò ní mọ̀, kò sì ní bínú. Bí o bá wá rí obìnrin kan tó mọ bí a ṣe ń po ẹ̀kọ tí kò ní di kókó, fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Ti ẹni tó ń fi ilé olókè méjì rẹ̀ ní Lekki hàn, jọ̀ọ́, máa dá a wò.